Àwọn Ọ̀gá Jámánì Orí Ògiri Wa

Kí bàbá ọkọ mi tó kó wá sọ́dọ̀ wa, aago kan àti kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló wà lára ògiri pálọ̀ wa. Ọ̀sẹ̀ tó dé láti Peckham, lẹ́yìn ìsìnkú ìyá ọkọ mi, ó kan ìṣó mọ́ ọ̀gangan ibi tí ojú àlejò máa kọ́kọ́ bọ́ sí, ó gbé fọ́tò kan kọ́ ọ, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, pàápàá èmi. Ilé wa nílùú òyìnbó níbí kò tóbi. Ọ̀kan ni nínú àwọn ilé bíríkì tó jọra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Parsloes Park, tí ènìyàn bá sín ní pálọ̀ tí ará ilé kejì á gbọ́. Inú ilé yẹn ni àwọn ọ̀gá ológun Jámánì mẹ́ta ti ń wò mí jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Kí n tètè sọ nǹkan kan. Lójú bàbá ọkọ mi, "ẹ" ni mo ń pè é, lórí ìkúnlẹ̀, láàárọ̀ àti lálẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ náà, "wọn" ni. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tèmi yìí, "ó" ni màá máa lò fún un. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó lọ kọ tiẹ̀.

Fọ́tò náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó sì ti pupa rúsúrúsú. Òyìnbó mẹ́ta dúró nínú iyanrìn, wọ́n wọ kóòtù gígùn àti bàtà tó ga dé orúnkún, ojú wọn le bí ẹni tí wọ́n fún ní oúnjẹ àná. Lẹ́yìn wọn ni bàálù ńlá kan wà: ẹ́ńjìnnì kan ní imú, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, gbogbo ara rẹ̀ sì ní ìlà gbágungbàgun bíi páànù tí a fi ń bo ilé. Ní etí fọ́tò náà lọ́wọ́ ọ̀tún, ọkùnrin adúláwọ̀ kan nàró, ó wọ ṣòkòtò péńpé kakí, ó dé fìlà roboto kan, òkúta méjì wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Bàbá tó bí bàbá ọkọ mi nìyẹn. Bàbá Sójà ni gbogbo ẹbí ń pè é. Ó ti kú kí wọ́n tó bí ọkọ mi, ṣùgbọ́n nínú ilé wa, kò sí alààyè tí wọ́n ń dárúkọ rẹ̀ tó o.

Ìtàn rẹ̀ kò gùn. Ìjọba òyìnbó kó Bàbá Sójà láti Ìjẹ̀bú lọ sí aṣálẹ̀ lápá òkè Áfíríkà nígbà ogun Jámánì. Níbẹ̀ ló ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú àwọn ọ̀gá mẹ́ta yìí bí wọ́n ṣe ń sáré lọ wọ bàálù tó fẹ́ gbé wọn sá lọ. Ẹ̀rí rẹ̀ wà lẹ́yìn fọ́tò, ní pẹ́ńsùlù, ìkọ̀wé Bàbá Sójà fúnra rẹ̀: Awon oga Jamani ti mo ko leru. Kò sí àmì lórí ọ̀rọ̀ kankan, kò sí ẹyọ àmì kan lábẹ́ lẹ́tà, bí àwọn èèyàn ìgbà yẹn ṣe ń kọ̀wé nìyẹn. Bàbá ọkọ mi ló máa ń kà á fún àlejò, á sì gbé ohùn sókè ní ìparí: àwọn ọ̀gá Jámánì tí mo kó lẹ́rú. Á wá bi wọ́n pé bàbá òun kó òyìnbó lẹ́rú, bàbá ta ló tún ṣe bẹ́ẹ̀? Ó gbé fọ́tò náà lọ bá téílọ̀ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kó rán irú fìlà roboto yẹn fún òun. Fẹ́lífẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi rán an, wọ́n sì ki òwú sí i yípo. Ní gbogbo ọjọ́ ìrántí àwọn sójà, á dé e, á fi òdòdó pupa há àyà, á lọ na ara gan-an láàárín àwọn òyìnbó níwájú òkúta ìrántí.

Aláàárù ni bàbá tèmi. Ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Ìddó ló ti ń ru ẹrù èrò. Orí rẹ̀ ló fi rán mi níléèwé, ẹrù sì ti pá a lórí kí n tó jáde ìwé mẹ́wàá. Bàbá ọkọ mi mọ èyí láti ọjọ́ tí wọ́n ti wá tọrọ mi, kò sì jẹ́ kí n gbàgbé. Tí mo bá ti ọjà dé pẹ̀lú ọ̀rá lọ́wọ́ méjèèjì, tí ọkọ mi fẹ́ gbà mí, á ní kó fi mí sílẹ̀, ó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Tí àwọn ọmọ mi bá gbé báàgì iléèwé kọ́rùn, á ní kí wọ́n rọra, kí ti ìyá wọn má lọ jáde lára wọn. Ọjọ́ tí wọ́n pè mí láti ilé pé bàbá mi ti kú, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo ń sunkún. Bàbá ọkọ mi yọjú láti yàrá rẹ̀.

"Ẹ bá wa sọ ẹrù orí bàbá rẹ̀ kalẹ̀ o," ó ní. "Ẹrù ti dé ibi tó ń lọ."

Ó sì rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi wà níbẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní Dádì ò ní in lọ́kàn bẹ́ẹ̀, pé àgbà ti dé sí wọn. Mo kórìíra bàbá ọkọ mi láti ọjọ́ náà, mi ò sì ní fi ṣe àṣírí.

Lọ́dún kan, ilé ìkàwé kan lágbègbè wa kéde pé àwọn fẹ́ ṣe àfihàn fọ́tò ogun tó wà nílé àwọn ará àdúgbò, pàápàá àwọn tó wá láti òkè òkun. Obìnrin òyìnbó kan ló ń bójú tó o. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó wo fọ́tò àtijọ́, kó sọ ẹni àti ohun tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka ìkéde náà ní ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá ọkọ mi dìde kí wọ́n tó kà á tán. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kíndìnrín rẹ̀ sì ti ń dá a láàmú. Ó sọ fún gbogbo ìjọ pé ohun kan ṣoṣo ló kù tí òun fẹ́ rí kí òun tó lọ: kí wọ́n kọ orúkọ bàbá òun sára ògiri ìjọba òyìnbó, kí òyìnbó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé adúláwọ̀ kan kó Jámánì lẹ́rú. Àwọn àgbà ìjọ ṣe àmín, wọ́n ní gbogbo àwọn ló máa bá a lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí i.

Èmi ni wọ́n ní kí n gbé fọ́tò náà lọ, torí ọjọ́ tí mi ò lọ sí ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ bọ́ sí àárín ọ̀sẹ̀. Bàbá ọkọ mi fi aṣọ àdúrà wé e. Ó ní òun ò bẹ̀rù, ẹrù gbígbé kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kọ́ mi.

Obìnrin ilé ìkàwé náà yọ fọ́tò kúrò nínú férémù, ó fi ẹ̀rọ gbé e sínú kọ̀ǹpútà, ó sì sọ ọ́ di ńlá. Mo jókòó tì í. Ó ní àmì tó wà lára kọ́là àwọn méjì fi hàn pé ọmọ ogun òfuurufú ni wọ́n, pé ti orí ilẹ̀ ni ẹ̀kẹta. Bàálù yẹn kì í ṣe bàálù ìjà, ti ìkẹ́rù ni. Òun ni àwọn Jámánì fi ń kó sójà àti oúnjẹ wọ aṣálẹ̀, ara rẹ̀ tó dà bíi páànù yẹn ni wọ́n sì fi ń dá a mọ̀. Ó fi ìyẹ́ rẹ̀ kan hàn mí: ọta ti dá ihò sí i lára, ó ti ya. Kò lè gbé ẹnikẹ́ni sá lọ síbì kankan. Ó tún fi ìgbànú àwọn ọ̀gá náà hàn mí, kò sí ìbọn níbẹ̀. Ó ní wọ́n ti mú wọn tipẹ́ kí wọ́n tó ya fọ́tò yìí, mọ́tò tó máa kó wọn lọ sí àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n ń dúró dè.

Ó yí ẹ̀yìn fọ́tò padà, ó ní kí n túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Mo túmọ̀ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kà á sí mi létí láti ọjọ́ yìí: àwọn ọ̀gá Jámánì tí mo kó lẹ́rú. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ní ohun kan ń rú òun lójú, fìlà ọkùnrin yìí. Gbogbo ibi tí òun wò, òun ò rí ẹgbẹ́ ológun kankan tó ń dé irú rẹ̀. Ó fẹ orí Bàbá Sójà títí ó fi kún ojú ẹ̀rọ.

Kì í ṣe fìlà. Àkísà ni, tí wọ́n lọ́, tí wọ́n wé roboto, tí ìdí aṣọ rẹ̀ kan já sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Àárín rẹ̀ ṣófo, irun orí ọkùnrin náà hàn níbẹ̀. Òṣùká ni. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, torí nígbà tí mo wà ní kékeré, èmi ni mo ń wé e fún bàbá mi láràárọ̀ kó tó lọ sí Ìddó, kí ẹrù má baà dun orí rẹ̀. Mo ní kí obìnrin náà fi ẹsẹ̀ ọkùnrin yìí hàn mí. Ohun tí gbogbo wa ti ń pè ní òkúta nílẹ̀ níwájú rẹ̀, àpótí awọ méjì ni, wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ Jámánì sí wọn lára.

Mo tún gba fọ́tò náà, mo tún ẹ̀yìn rẹ̀ kà, mo wá jẹ́ kí ohùn lọ sílẹ̀ ní ìparí. Tí mo kó lẹ́rù. Bí àwọn àgbà ìlú Bàbá Sójà ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn: ẹni tó bá gba ẹrù lórí rẹ tó bá ọ gbé e, ó kó ọ lẹ́rù. Bàbá Sójà kò purọ́ kankan. Ohun tó ṣe ló kọ. Ọmọ rẹ̀ ló fi àmì òkè síbi tí àmì ìsàlẹ̀ yẹ kó wà, tó sì fi àmì kan ṣoṣo yẹn gun gbogbo wa lórí.

Mo rẹ́rìn-ín débi pé àwọn tó ń kàwé yíjú wò mí. Obìnrin náà rò pé ẹkún ni, ó fún mi ní tíṣù. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, ẹrú àti ẹrù, àti òṣùká. Inú rẹ̀ dùn ju tèmi lọ. Ó ní fọ́tò àwọn ọ̀gá Jámánì pọ̀ nílẹ̀ bí iyanrìn, ti aláàárù ló ṣọ̀wọ́n, torí kò sẹ́ni tó ń ya aláàárù ní fọ́tò. Ó ní òun máa sọ ọ́ di ńlá bí ilẹ̀kùn, òun á sì gbé e síbi àbáwọlé. Orúkọ ọkùnrin náà nìkan ló kù. Mo ní ìyàwó ilé kì í pe orúkọ bàbá ọkọ rẹ̀, ká má tíì sọ ti bàbá tó bí i, ọmọ rẹ̀ máa wá fẹnu ara rẹ̀ pè é. Ó ní ìyẹn tún dára jù, òun á fi àyè sílẹ̀ lórí káàdì.

Mo sọ fún ọkọ mi ní kíṣìnnì. Ó ti ilẹ̀kùn.

"Please, má sọ fún Dádì," ó ní. "Jẹ́ kí n lọ gba fọ́tò yẹn padà, a máa ní ó bàjẹ́. Let the man die with it."

Mo bi í pé níbo ló wà lọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀ fi òkú bàbá mi rẹ́rìn-ín. Ó ṣí fíríìjì, ó ń wo inú rẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan síbẹ̀. Mo jẹ́ kó wò ó títí, mo sì jáde.

Mo dúró di ọ̀sán Sunday, tí bàbá ọkọ mi ti jẹun yó, tó gbé ẹsẹ̀ sórí àpótí, tí inú rẹ̀ dùn. Mo kúnlẹ̀ bó ṣe yẹ kí ìyàwó kúnlẹ̀. Ohùn mi tutù.

"Dádì, wọ́n ti mọ irú fìlà tí Bàbá Sójà dé."

Ojú rẹ̀ tàn. Ó ní regiment wo ni.

"Òṣùká ni, sà. Ẹrù àwọn Jámánì ni wọ́n rù."

Ó rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. Ó ní ọmọ aláàárù, kò sí ohun tí ojú mi máa rí tí kò ní jọ ẹrù. Ohun tí mo ń dúró dè nìyẹn. Mo fi àwòrán tí obìnrin ilé ìkàwé fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi hàn án. Mo fẹ orí bàbá rẹ̀ fún un, mo fẹ àpótí méjèèjì fún un, mo fi ìka tẹ̀ lé orúkọ tí wọ́n fi ọ̀dà kọ. Mo wá bẹ̀ ẹ́ pé kó tún ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn fọ́tò kà fún wa, ṣùgbọ́n kó rọ ohùn sílẹ̀ díẹ̀ ní ìparí. Ó ń gbé e sẹ́nu wò, lẹ́rú, lẹ́rù, lẹ́rú, bí ẹni tí eyín ń dùn. Mo ní tótó, ó ṣe bí òwe o, irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Mo fi ọ̀wọ̀ kún un bí a ṣe ń ṣe fún àgbà, mo ní ẹ̀yin lẹ ni òwe. Inú mi ń dùn bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Ó bi mí pé ta ló tún mọ̀. Mo ní obìnrin ilé ìkàwé, àti ẹnikẹ́ni tó bá gba ẹnu ọ̀nà wọlé.

Láti ọjọ́ náà, kò jẹun dáadáa mọ́. Ó ní kí ọkọ mi lọ gba fọ́tò náà, lẹ́yìn náà ó ní kó má lọ mọ́. Tó bá gbà á, kí ló máa sọ fún ìjọ? Àwọn àgbà ìjọ ń pè é lórí fóònù pé àwọn ti ń palẹ̀ mọ́. Mo ń gbọ́ ọ bó ṣe ń dá wọn lóhùn nínú yàrá pé Ọlọ́run á jẹ́ kí gbogbo wa rí i. Mo ń gbé oúnjẹ lọ, mo ń gbé e bọ̀, mi ò sì tù ú nínú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí àfihàn náà, agbádá funfun ló wọ̀, ó fi orí sílẹ̀ lásán. Àwọn àgbà ìjọ ti débẹ̀ ṣáájú wa. Fọ́tò náà ga ju ènìyàn lọ. Àwọn ọ̀gá mẹ́ta ló wà láàárín, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n gbé e sí mú kó jẹ́ pé Bàbá Sójà ni ènìyàn máa kọ́kọ́ kàn, pẹ̀lú òṣùká rẹ̀ àti ẹrù rẹ̀ nílẹ̀. Káàdì tó wà lábẹ́ rẹ̀ sọ pé àwọn ọ̀gá Jámánì tí wọ́n mú nìyí, pẹ̀lú bàálù ìkẹ́rù wọn, àti aláàárù ọmọ Nàìjíríà tó ru ẹrù wọn. Àyè orúkọ wà níbẹ̀. Àwọn àgbà ìjọ kà á, wọ́n tún un kà, wọ́n wá yíjú sí bàbá ọkọ mi.

Bàbá ọkọ mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò náà, ọkọ mi dúró lódì kejì. Nígbà tí Bàbá Sójà ti ga tó báyìí lórí ògiri, afọ́jú nìkan ni kò ní rí i: iwájú orí kan náà, etí ńlá kan náà tó ṣí síta, lórí bàbá, ọmọ àti ọmọ ọmọ. Obìnrin ilé ìkàwé náà wá pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì bèèrè orúkọ bàbá wọn.

Gẹ̀ẹ́sì bàbá ọkọ mi dán ju tèmi lọ. Ó ti ń sọ ọ́ nílùú yìí kí wọ́n tó bí obìnrin náà. Ṣùgbọ́n kò wo obìnrin náà lójú, èmi ló yíjú sí.

"Ìyàwó, sọ fún un pé a ò mọ ọkùnrin yẹn."

Mo ní kí lẹ wí, sà.

"A ò mọ̀ ọ́n. Bàbá tèmi ló ya fọ́tò náà, òun ló di kámẹ́rà mú. Sójà ni bàbá tèmi."

Wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Èyí kò fi òsì júwe, kò fi ọ̀tún júwe, inú agbádá ló kó ọwọ́ méjèèjì sí. Mo wo ọkọ mi. Orúkọ yẹn, ẹnu tirẹ̀ gbà á, ẹnu tèmi kò gbà á. Ó ń wo bàtà rẹ̀. Mo wá túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe sọ ọ́, mi ò fi kún un, mi ò yọ níbẹ̀. Obìnrin náà wo fọ́tò, ó wo bàbá ọkọ mi, ó wo ọkọ mi, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Ó tẹ̀ síwájú, ó sì kọ ọ́ sí àyè náà pé a kò mọ orúkọ rẹ̀.

Mo ti rò pé inú mi máa dùn. Ó dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò pẹ́. Àánú ṣe mí, kì í ṣe ti bàbá ọkọ mi. Ti ọkùnrin inú fọ́tò ni, tó ru ẹrù ọ̀tá nínú iyanrìn, tó fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sílẹ̀ láìtijú kí ọmọ rẹ̀ lè mọ̀, tí ọmọ náà wá dúró tì í níwájú gbogbo ayé tó sì sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n.

Àwọn àgbà ìjọ ní kò burú, wọ́n ní àwọn ń kánjú. Ọkọ mi ní òun máa lọ wá ibi tí òun gbé mọ́tò sí, ó lọ, kò sì tètè dé, ni mo bá ní ká wọ bọ́ọ̀sì. Èmi àti bàbá ọkọ mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa. A ti kọjá ibùdókọ̀ Goresbrook kó tó lanu.

"Ìwọ tí bàbá tìrẹ náà ru ẹrù," ó ní, ohùn rẹ̀ kò sì ní ẹ̀gàn kankan nínú, ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. "Báwo lo ṣe ń pe orúkọ rẹ̀ láàárín èèyàn?"

Mo lè dá a lóhùn dáadáa. Mo mọ ohun tí mo lè sọ fún un, ó sì yé mi pé ó nílò rẹ̀.

"Ẹnu ni mo fi ń pè é, sà," mo ní.

Ó mi orí. Nígbà tí bọ́ọ̀sì dúró, a sọ̀ kalẹ̀.